Òǹkàwé Tó Lọ sí Àpéjọ Àwọn Òǹkọ̀wé Tamil, Iṣẹ́ Ló Bá Lọ

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ jókòó níwájú, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ ìwé gbogbo, mo kí yín o. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú àpéjọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ wa láti London, ẹ̀yin náà ẹ kú ìfaradà. Ọ̀rọ̀ yín ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ẹni tó fẹ́ràn ìwé kíkà, tí kì í ṣe òǹkọ̀wé, tí kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n, ó fẹ́ lọ jókòó sí àpéjọ àwọn òǹkọ̀wé Tamil, èdè kan láti gúúsù Íńdíà. Báwo ni yóò ṣe lọ? Kí ni yóò bá níbẹ̀? Kí ni yóò ṣe tí kò fi ní dà bí ẹni tó yà síbi ìgbéyàwó tí kò mọ ọkọ, tí kò sì mọ ìyàwó?

Mo fẹ́ kí ẹ ti mọ ibi tí mo dúró sí kí n tó bẹ̀rẹ̀. Níbi àpéjọ Tamil tó bá gbámúṣé, òǹkàwé kì í ṣe òǹwòran. Wọ́n ní iṣẹ́ tí wọ́n ń retí lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé tó ti kà kó tó dé ni owó ìwọlé rẹ̀. Ẹni tí kò kà, àga lásán ló gbà.

Kí ló fà á tó fi rí bẹ́ẹ̀? Ìwé Tamil òde òní tó jinlẹ̀ kò dàgbà nínú ìwé ìròyìn ńlá ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tí gbogbo ilé ń rà. Inú ìwé ìròyìn kéékèèké ló ti dàgbà: Manikodi láti 1933, Ezhuthu láti 1959 títí di 1970. Àwọn tó ń rà wọ́n kò pọ̀. C. S. Chellappa tó dá Ezhuthu sílẹ̀ máa ń fúnra rẹ̀ di ìwé lẹ́rù, a sì gbé e kiri ilé ẹ̀kọ́ gíga láti tà á. Ní Nagercoil, ní ìsàlẹ̀ pátápátá ilẹ̀ Íńdíà, ilé Sundara Ramaswamy, òǹkọ̀wé tó ń ta aṣọ fún oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀, ni àwọn òǹkọ̀wé àti òǹkàwé máa ń pàdé láti jiyàn lórí ìwé. Níbi tí òǹkàwé ti kéré tó bẹ́ẹ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ní orúkọ, ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ní ohùn. Àṣà yẹn kò tíì kú.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú irú àpéjọ tó wà.

Èdè Tamil wà ní ìpínlẹ̀ Tamil Nadu àti Puducherry ní gúúsù Íńdíà, ó wà ní àríwá àti ìlà-oòrùn Sri Lanka, ó wà ní Singapore àti Màléṣíà. Ogun Sri Lanka sì tú ọ̀pọ̀ wọn ká sí Yúróòpù àti Kánádà. Nítorí náà, kì í ṣe ibì kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń pàdé.

Èyí tí gbogbo ayé mọ̀ ni ìpàtẹ ìwé Chennai, olú-ìlú Tamil Nadu, tí ẹgbẹ́ BAPASI, ẹgbẹ́ àwọn tó ń tẹ ìwé àti àwọn tó ń tà á ní gúúsù Íńdíà, ti ń ṣe láti 1977. Oṣù kìíní ọdún ni, ní àkókò ọdún Pongal, ọdún ìkórè wọn. Pápá YMCA ní Nandanam ni wọ́n máa ń lò láìpẹ́ yìí. Ìsọ̀ ìwé ibẹ̀ tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Ó dára fún ìwé rírà, ó dára fún kí ènìyàn rí ojú òǹkọ̀wé tó dúró sí ìsọ̀ ẹni tó tẹ ìwé rẹ̀. Àmọ́ kò dára fún ọ̀rọ̀ tó gùn. Ariwo pọ̀, èrò pọ̀, eruku ń sọ. Òjò náà tún lè dà á rú: àgbàrá ńlá tó ṣẹlẹ̀ ní Chennai ní oṣù kejìlá 2015 ló jẹ́ kí wọ́n sún ìpàtẹ 2016 sí oṣù kẹfà.

Ìkejì ni ìfilọ́lẹ̀ ìwé ní ìrọ̀lẹ́, nínú gbọ̀ngàn ilé ìkàwé tàbí ilé ìtàwé. Ẹ óò rí i lọ́pọ̀ ìgbà. Mo ń bọ̀ wá sórí rẹ̀.

Ìkẹta ni mo fẹ́ràn jù, òun náà ni mo fẹ́ kí ẹ lé: àpéjọ tí àwọn òǹkàwé fúnra wọn ṣètò. Ẹgbẹ́ Vishnupuram Ilakkiya Vattam ti ìlú Coimbatore ní Tamil Nadu ni àpẹẹrẹ tó lókìkí. Àwọn òǹkàwé tó yí òǹkọ̀wé Jeyamohan ká ló ń ṣe é. Láti 2010, tí wọ́n kọ́kọ́ bọlá fún A. Madhavan, ni wọ́n ti ń fún òǹkọ̀wé kan ní ẹ̀bùn lọ́dọọdún, ní oṣù kejìlá. Ní 2017, Màléṣíà ni ẹni tí wọ́n bọlá fún ti wá. Kókó ibẹ̀ kì í ṣe ẹ̀bùn náà. Kókó ibẹ̀ ni pé kí wọ́n tó fúnni ní ẹ̀bùn, òǹkọ̀wé kan á jókòó, gbọ̀ngàn á kún, àwọn òǹkàwé á sì máa bi í léèrè lórí ìwé rẹ̀. Òun á dìde, ẹlòmíràn á jókòó. Bẹ́ẹ̀ ni wọn óò ṣe lọ títí.

Ó di apá kejì ọ̀rọ̀ mi: kí ẹ tó kúrò nílé. Àwọn àgbà ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ̀ṣọ́ wo lẹ óò kó?

Ẹ má gbìyànjú láti ka gbogbo ènìyàn. Ẹ wo orúkọ àwọn tí yóò sọ̀rọ̀, ẹ mú ẹnì kan, ẹ ka ìwé rẹ̀ mẹ́ta láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìwé kan kò tó, nítorí ẹ kò ní mọ ohun tó ń tẹnu mọ́ àti ohun tó ṣèèṣì sọ. Ìwé mẹ́ta á fi hàn yín: ẹ óò rí i pé òjò máa ń rọ̀ ní ibi báyìí nínú ìtàn rẹ̀, tàbí pé bàbá kì í sọ̀rọ̀ nínú ilé tó bá kọ. Ibẹ̀ ni ìbéèrè gidi ti ń jáde. Bí ẹ bá ń kà, ẹ máa kọ nọ́ńbà ojú ìwé sílẹ̀. Bó bá jẹ́ ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ kà, ẹ kọ nọ́ńbà orí náà pẹ̀lú, torí ojú ìwé ìtumọ̀ àti ti Tamil kì í bára mu.

Ìwé wo ló wà ní ìtumọ̀? Ó pọ̀. Perumal Murugan wà, Bama wà, Imayam wà, Salma wà, Ambai wà. Àwọn ewì àtijọ́ náà wà, tí A. K. Ramanujan túmọ̀ láti 1967. Ẹ má fò wọ́n dá. Ìdí ni pé òǹkọ̀wé Tamil tó ń sọ̀rọ̀ nípa ìwé àná lè ṣàdédé fọwọ́ kan ewì tó ti wà láti nǹkan bí 2,000 ọdún, kò sì ní dúró ṣàlàyé. Àwọn ewì yẹn pín ilẹ̀ sí márùn-ún, wọ́n sì fún ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìpele ìfẹ́ tirẹ̀. Kurinji ni òkè, níbi tí olólùfẹ́ méjì ti ń pàdé níkọ̀kọ̀. Mullai ni igbó, sùúrù obìnrin tó ń retí ọkọ rẹ̀. Marutham ni oko ìrẹsì, ibẹ̀ ni ìjà wà, ọkọ ti lọ sọ́dọ̀ obìnrin mìíràn. Neithal ni etí òkun, àárò ń sọni. Paalai ni ilẹ̀ gbígbẹ, ìyapa dé. Ẹ kọ márààrún sórí ìwé péńpé kan. Bí ẹnì kan bá sọ lórí pèpéle pé ìtàn báyìí "ti Paalai" ni, tí gbogbo gbọ̀ngàn mi orí, ẹ̀yin náà á mọ ohun tó sọ.

Ẹ fi Thirukkural, ìwé ewì ọgbọ́n àtijọ́ wọn, kún un. Ẹsẹ 1,330 ló wà nínú rẹ̀, orí 133, ẹsẹ mẹ́wàá-mẹ́wàá. Kò sí ìjókòó Tamil tí wọn kò ti ní pa òwe láti inú rẹ̀.

Orúkọ ńkọ́? Èyí máa ń da àlejò láàmú gan-an. Ọ̀pọ̀ Tamil kò ní orúkọ ìdílé bí a ti mọ̀ ọ́n. Lẹ́tà tó ṣáájú orúkọ, ìlú tàbí bàbá ló máa ń dúró fún. C. S. Chellappa tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, Chellappa gan-an lorúkọ rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá ń sáré pe ènìyàn ní orúkọ tí ẹ rò pé ó jẹ́ ti ìdílé, bàbá rẹ̀ lẹ lè máa pè. Yàtọ̀ sí ìyẹn, nínú gbọ̀ngàn, wọ́n máa ń gé orúkọ òǹkọ̀wé kúrú. Su. Ra. ni Sundara Ramaswamy. Ki. Ra. ni Ki. Rajanarayanan. Thi. Jaa. ni T. Janakiraman. Ka. Naa. Su. ni K. N. Subramaniam. Ẹni tí kò mọ mẹ́rin yìí á jókòó fún wákàtí kan, á sì rò pé ìṣirò ni wọ́n ń ṣe.

Mo ní kí ẹ ka ìwé dé òpin. Ṣé ẹ fẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí a kò bá kà á dé òpin? Ní 2010, Perumal Murugan tẹ Madhorubagan jáde, ìtàn tọkọtaya kan tí kò bímọ, ní agbègbè Tiruchengode. Ọdún mẹ́rin kọjá, kò sí ìjà. Nígbà tó di òpin 2014, wọ́n ṣe fọ́tókọ́pì ojú ìwé mélòó kan, wọ́n ń pín in kiri ìlú, wọ́n ní ó bú àwọn obìnrin ìlú àti òrìṣà wọn. Wọ́n dáná sun ìwé, wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù pa. Àgbọ́ìgbọ́tán ní í da ọ̀rọ̀ rú. Àkàìkàtán náà ńkọ́? Ní oṣù kìíní 2015, Murugan fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sórí Facebook pé Perumal Murugan òǹkọ̀wé ti kú. Ó di oṣù keje 2016 kí ilé ẹjọ́ gíga Madras tó dá a láre, kí ó tó padà sídìí gègé. Ní 2023, ìtumọ̀ ìwé rẹ̀ mìíràn wọ inú àkójọ àkọ́kọ́ fún ẹ̀bùn International Booker. Nítorí náà, bí ẹ bá sọ ní gbọ̀ngàn Tamil pé "mo ka díẹ̀ nínú rẹ̀", kó má yà yín lẹ́nu bí ojú bá yí sí yín. Wọ́n ti rí ohun tí díẹ̀ ń ṣe.

Apá kẹta: nínú gbọ̀ngàn. Èyí kò ní pẹ́.

Bí ẹ bá dé ibi ìfilọ́lẹ̀ ìwé, ẹ dìde fún Tamil Thai Vaazhthu, orin ìyìn fún Tamil gẹ́gẹ́ bí ìyá. Sundaram Pillai ló kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, nínú eré oníṣe tó jáde ní 1891, ìjọba Tamil Nadu sì sọ ọ́ di orin ìpínlẹ̀ ní oṣù kejìlá 2021. Ìṣẹ́jú àáyá 55 ni. Ẹ má jókòó, ẹ má wo fóònù. Lẹ́yìn náà, wọ́n lè tan àtùpà idẹ, wọ́n á fi ìborùn bo èjìká àwọn àlejò pàtàkì lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á kí wọn káàbọ̀, ẹnì kan á gbé ìwé náà jáde, ẹlòmíràn á gba ẹ̀dà àkọ́kọ́. Àwọn olùsọ̀rọ̀ á tò tẹ̀ lé ara wọn. Òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ ni yóò sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, kí wọ́n tó dúpẹ́. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ẹni tó bá mu tíì tán tó sì lọ, òun ló pàdánù ọ̀rọ̀ òǹkọ̀wé. Ohun tó wà lẹ́yìn òfà, ó ju òje lọ. Bí káàdì bá sì wí pé aago márùn-ún, tí ó di aago mẹ́fà kí orin tó bẹ̀rẹ̀, ẹ rántí pé kì í ṣe àwa nìkan. Àwọn àpéjọ tí òǹkàwé ṣètò ló máa ń mú aago ní ọ̀wọ̀. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti ṣọ́ra fún pípẹ́.

Ìlà iwájú, ti àwọn tí wọ́n pè ni. Ẹ jókòó sí ìlà kẹta tàbí ìkẹrin, ní etí ọ̀nà, kí gbohùngbohùn lè dé ọ̀dọ̀ yín láìsí pé ẹ tẹ ènìyàn lẹ́sẹ̀. Nípa ìkíni, Yorùbá kò nílò ẹ̀kọ́ púpọ̀. Àwọn náà ní ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ fún àgbà yàtọ̀ sí ti ẹgbẹ́. Vanakkam pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́ méjì papọ̀. Ayya fún bàbá àgbà, Amma fún ìyá, Anna fún ẹ̀gbọ́n ọkùnrin, Akka fún ẹ̀gbọ́n obìnrin. Ọwọ́ ọ̀tún ni kí ẹ fi jẹun, bí wọ́n bá gbé oúnjẹ sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Wàyí o, apá kẹrin. Òun ni mo torí rẹ̀ wá. Ìbéèrè.

Àwọn Tamil ní ìtàn kan tí ọmọdé àti àgbà wọn mọ̀. Ọba Pandya ti Madurai gbé ẹ̀bùn owó wúrà kalẹ̀ fún ẹni tó bá lè fi ewì dáhùn ohun kan: òórùn dídùn irun obìnrin, ṣé àdánidá ni àbí ti òdòdó tó dì mọ́ ọn? Tálákà kan tó ń jẹ́ Dharumi sunkún lọ bá òrìṣà Shiva. Shiva kọ ewì lé e lọ́wọ́. Dharumi gbé e dé àgbàlá ọba, gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́. Nakkirar, olórí àwọn akéwì, dìde, ó ní àṣìṣe wà nínú rẹ̀. Shiva bínú, ó wá fúnra rẹ̀. Nakkirar kò yẹ̀. Shiva la ojú kẹta tó wà níwájú orí rẹ̀, ojú tí ń jóni. Nakkirar ní, bí ojú náà tilẹ̀ là, àṣìṣe ni àṣìṣe í jẹ́. Ewì tí wọ́n so ìtàn yìí mọ́ wà títí dòní. Òun ni ìkejì nínú àkójọ Kuruntokai.

Kí ni mo ń sọ? Nínú agbo àwọn oníwèé Tamil, àtakò kì í ṣe ìwà àìmọ̀kan. Wọ́n bí i mọ́ wọn. Ẹ lè sọ fún òǹkọ̀wé ẹni àádọ́rin ọdún pé òpin ìwé rẹ̀ kò tẹ́ yín lọ́rùn, kò sì ní lé yín jáde. Àmọ́ Nakkirar ti ka ewì náà o. Ó mọ ìlà tó ń bá jà. Ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ wà.

Báwo ni kí ẹ ṣe bi í? Gbólóhùn mẹ́ta tó. Nínú àkọ́kọ́, ẹ dárúkọ ìwé àti ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Nínú ìkejì, ẹ sọ ohun tí ẹ rí níbẹ̀. Nínú ìkẹta, ẹ béèrè ohun kan ṣoṣo. Fún àpẹẹrẹ: "Nínú ìtàn kẹrin, ìyá náà kò sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti ta màlúù. Ọmọ rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ dípò rẹ̀. Ṣé ẹ ti kọ́kọ́ fún un ní ohùn, tí ẹ wá yọ ọ́ kúrò?" Ó tán. Ẹ jókòó. Ẹ fi gbohùngbohùn sílẹ̀, nítorí ẹni tó bá dì í mú á fẹ́ fèsì sí èsì. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n.

Kí ló máa ń ba ìbéèrè jẹ́? Àkọ́kọ́ ni ẹni tó fi ìtàn ìgbésí ayé ara rẹ̀ ṣáájú. Kí ó tó dé orí ìbéèrè, atọ́kùn ti gba gbohùngbohùn. Òmíràn ni "èwo lẹ fẹ́ràn jù nínú ìwé yín?" Wọ́n ti dáhùn rẹ̀ nígbà ọgọ́rùn-ún, èsì rẹ̀ kò ní adùn mọ́. Òmíràn ni kí ẹ ní kí òǹkọ̀wé ṣàlàyé ìtumọ̀ ìwé rẹ̀ fún yín, bí ẹni pé ẹ gbé iṣẹ́ yín lé e lórí. Èyí tó léwu jù ni kí àlejò dìde láti béèrè ìran tàbí ẹ̀yà òǹkọ̀wé. Ọ̀rọ̀ caste, ìpele tí wọ́n bí ènìyàn sí láwùjọ, wúwo ní ilẹ̀ Íńdíà, ó sì wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé wọn ní gbangba. Ìwé Bama àti ti Imayam kò fi í pa mọ́. Ẹ bi wọ́n nípa ohun tó wà nínú ìwé. Ẹ má bi wọ́n nípa ohun tó wà nínú ilé wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ kò gbọ́ Tamil ńkọ́? Ẹ kọ ìbéèrè yín sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, kí ó hàn ketekete, kí ẹ fún atọ́kùn kí ìjókòó tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì bẹ ẹnì kan tó jókòó tì yín pé kó máa sọ èsì náà sí yín létí. Ẹ wá fi ọgbọ́n yan ohun tí ẹ óò béèrè. Ẹni tó ka ìtumọ̀ kò lè bi òǹkọ̀wé nípa ìró ọ̀rọ̀, torí kò gbọ́ ọ. Ki. Ra., tó gbé ayé láti 1923 sí 2021, ẹ̀ka èdè àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ dúdú ló fi kọ̀wé, ó tiẹ̀ ṣe ìwé atúmọ̀ fún un. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, gbogbo ìyẹn ti di pẹrẹsẹ. Ìbéèrè lórí ìyẹn, ti atúmọ̀ ni, bí ó bá wà nínú gbọ̀ngàn. Ohun tí ìtumọ̀ kò lè gbà kúrò nínú ìwé ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ òǹkọ̀wé: ìtò ìtàn, ìwà ènìyàn, ohun tó fi sílẹ̀ láìsọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má purọ́ pé ẹ ti kà. Pàápàá Venmurasu. Jeyamohan tún Mahabharata, ìtàn akọni ńlá àtijọ́ ilẹ̀ Íńdíà, sọ nínú rẹ̀, ó ń gbé e jáde lójoojúmọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti 2014 títí di 2020, ìwé 26 ló jẹ́. Àwọn tó bá a kà á láràárọ̀ wà nínú gbọ̀ngàn. Ìbéèrè ẹyọ kan ni wọn óò fi mú yín.

Ó kù díẹ̀. Ìwé rírà: ní ìpàtẹ Chennai, ẹ̀dínwó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni àṣà, ẹ má fi gbogbo ìrọ̀lẹ́ ná ọjà. Ẹ mú owó rupee lọ́wọ́, torí fóònù ni àwọn ará ibẹ̀ fi ń san owó, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í ṣiṣẹ́ fún àlejò tí kò ní báńkì níbẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ iṣẹ́ ni kí ẹ lọ, kì í ṣe òpin ọ̀sẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí òǹkọ̀wé fọwọ́ sí ìwé, ẹ kọ orúkọ yín sórí ìwé péńpé. Lẹ́tà kan náà ni Tamil ń lò fún p àti b, ọ̀kan náà fún k àti g. Bọ́lá lè di Pólá kí ẹ tó la ẹnu.

Ẹ̀yin ará London, mo ti ní ọ̀rọ̀ yín ń bọ̀. Ẹ̀yin kò nílò físà Íńdíà. Àwọn Tamil tó sá fún ogun dá àpéjọ tiwọn sílẹ̀ ní Jámánì ní 1988, wọ́n ń pè é ní Ilakkiya Sandhippu, ó sì ń ṣí láti ìlú dé ìlú ní Yúróòpù. London gbà á lálejò ní 2013. Ní ọdún yẹn kan náà ni wọ́n gbé e lọ sí Jaffna, ìlú àríwá Sri Lanka tí wọ́n ti sun ilé ìkàwé rẹ̀ ní 1981 pẹ̀lú ìwé tó tó 97,000. Iyàn ibẹ̀ gbóná ju ti Chennai lọ, nítorí ogun wà nínú ìwé wọn, àwọn tó wà ní ìhà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ń jókòó sínú yàrá kan. Ẹ tẹ́tí púpọ̀ kí ẹ tó la ẹnu. Tí ẹ bá dé East Ham, ẹ yà sí ilé ìtàjà Tamil èyíkéyìí, ẹ wo ìwé ìkéde tó wà lára ògiri.

Ẹni tó bá sì ń gbèrò Coimbatore, wọ́n máa ń kéde orúkọ ẹni tí wọ́n fẹ́ bọlá fún ní oṣù mélòó kan ṣáájú oṣù kejìlá. Ní ọjọ́ tí ẹ bá gbọ́ orúkọ náà ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkà, kí ẹ sì forúkọ sílẹ̀ ní kíá nítorí ibùsùn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Mo ti rí ọwọ́ méjì tó nà lẹ́yìn. Gbólóhùn mẹ́ta o, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi.